Owó-Orí, Owó Ilé, àti Ẹni tí ó wà lẹ́nu Ẹ̀kọ́

  Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún wa pé kí a máa rán ara wa létí ohun tí ojú àwọn baba àti àwọn ìyá wa ti rí, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ má baà rò pé bí ìlú ti rí lónìí ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ owó-orí ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí ó da ilẹ̀ Ẹ̀gbá rú tó o ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá.

Lẹ́tà kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí mi pé káńsù ìlú tí òun ń gbé béèrè owó ilé lọ́wọ́ òun. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń yọ owó náà nínú owó oúnjẹ rẹ̀, kí ẹnì kan tó sọ fún un nínú yàrá ìkàwé pé òfin ilẹ̀ náà kò béèrè owó yìí lọ́wọ́ irú òun rárá. Ní ìparí ìwé rẹ̀, ó bi mí báyìí pé: “Bàbá, ǹjẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nílé wa, tí a fi ń yọ ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀? Àbí ohun tí àwọn Òyìnbó nìkan mọ̀ ni?” N kò lè dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Ohun tí mo rí kó jọ láti fi dá a lóhùn ni mo kọ síhìn-ín, nítorí mo rò pé kì í ṣe òun nìkan ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ.

OWÓ IBODÈ

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, kò sí ohun tí à ń pè ní owó-orí láàárín wọn. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ìlú ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi mọ odi ìlú, òun náà ni wọ́n fi ń ro ọ̀nà. Ọjà tí ń wọ̀lú àti èyí tí ń jáde ni wọ́n sì ń gba owó lé lórí ní ẹnu ibodè. Ẹni tí ó ru ẹrù ni oníbodè ń dá dúró. Ẹni tí ó ń rìn lọ́wọ́ òfo a máa kọjá lọ ní àlàáfíà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ dá ìjọba ìgbàlódé sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan tí George William Johnson jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865, owó orí ọjà tí ń lọ sí Èkó ni ó gbójú lé. Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 náà, owó ibodè ni ó fi ń san owó oṣù àwọn akọ̀wé rẹ̀. Ní àkókò náà ni ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa láti Èkó, tí ó sì kọjá lọ dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin ń gba orí odò Ògùn kọjá, Láfẹ́nwá sì di ibi tí èrò àti ẹrù ti ń pàdé. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn nínú gbogbo èyí: ẹrù ni wọ́n ń bu owó lé, wọn kò bu owó lé orí ènìyàn. Ọmọdé tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ìjọ kò ní ohun tí ó kàn án pẹ̀lú oníbodè, nítorí síléètì ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọjà.

ỌDÚN 1918

Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá wa ṣe ní 1893 gbà pé Ẹ̀gbá jẹ́ ìlú òmìnira. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1914, àwọn ọmọ-ogun yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjemọ̀, àti pé kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, òmìnira wa ti lọ. Ọ̀gá-àgbà ìjọba ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní àkókò náà, Lugard, ti pinnu pé gbogbo ilẹ̀ ni yóò máa san owó-orí gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Òkè Ọya. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, ó kàn wá. Wọ́n fòpin sí owó ibodè, wọ́n sì gbé owó-orí kalẹ̀ dípò rẹ̀. Ó kéré tán, ọkùnrin yóò san sílè márùn-ún lọ́dún, obìnrin yóò sì san sílè méjì àti sísì. Yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú, kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin ní orúkọ ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ogun bẹ́. Òun ni à ń pè ní Ogun Àdùbí. Àwọn ará oko wú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n gé okùn wáyà tí a fi ń ránṣẹ́, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ìjọba kó àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì dé láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá bá wọn jà. Kí ogun náà tó rọlẹ̀, iye àwọn tí ó kú tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní wà lórí oyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì wàjà ní 1920, ní ọdún méjì sí i.

Àwọn kan rò pé nítorí sílè márùn-ún ni ogun fi bẹ́. Èmi rò pé ohun tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Owó ibodè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé, “Kí ni o rù?” Owó-orí kò béèrè ohun kan. Ó ti tó fún un pé o ní orí lọ́rùn. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ so àti àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kú, iye kan náà tí ó kéré jù ni ó dé bá àwọn méjèèjì. Ìjọba náà kò sì tíì fi ohunkóhun han ará ìlú tí owó náà yóò ṣe fún wọn.

ỌMỌBÌNRIN ỌLỌ́DÚN MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN

Ogun parí, owó-orí kò parí. Láti ọdún 1920 tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ti gorí oyè, lábẹ́ ètò tí ó fi Aláké ṣe aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n ti ń gba owó náà lọ́dọọdún. Ibi tí ó wá dun àwọn ìyá wa jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́-orí. Ọmọkùnrin kò ní san títí yóò fi pé ọdún 16. Ọmọbìnrin yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15. Ìwé ìbí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Báwo ni agbowó-orí yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ ti pé ọdún 15? Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kan nínú àwọn agbowó-orí a máa bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti fi ojú díwọ̀n bí wọ́n ti dàgbà tó. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò.

Nígbà ogun Hitler, ìṣòro mìíràn gorí èyí: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ọ̀nà tí kò tọ́. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni ó ṣáájú àwọn obìnrin láti kọ ọ̀rọ̀ náà síta. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní 1900; ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní 1914; olùkọ́ ni, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ni ọkọ rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà dara pọ̀ mọ́ wọn, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ní 1946, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 yí ààfin Aké ká, wọ́n sì sùn sí ìta gbangba mọ́jú. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ṣòroó yé: kí a má gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin mọ́, bí a bá sì fẹ́ gbà á, kí obìnrin jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu rẹ̀, kí ìjọba yíjú sí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ń jèrè ní ìlú wa. Ní 1948, ìjọba dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà wálé títí di oṣù kejìlá 1950. Àwọn obìnrin rí àyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú tuntun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú ọmọdé tí ó wà níbẹ̀, kí ó ka ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981.

Abẹ́òkúta nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1929, ní ilẹ̀ Ìgbò àti Ìbíbíò, àwọn obìnrin dìde nígbà tí wọ́n rí i pé ìjọba ń ka àwọn àti ewúrẹ́ wọn, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìkà tí a kà àwọn ọkùnrin ṣáájú kò mú ohun mìíràn wá ju owó-orí lọ. Àwọn tí ọta ìbọn pa nínú wọn ju 50 lọ.

ÀWỌN ÒYÌNBÓ NÁÀ TI JÀ

Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi má rò pé láti inú ọgbọ́n àbínibí ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ẹni tí ó yẹ kí a yọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rà lówó gọbọi ni. Ní 1380, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn bu owó-orí sílè kan lé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ju ọmọ ọdún 15 lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn alágbe nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ wò ó, ọdún 15 náà ni! Òpìtàn kan ní ayé ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbowó-orí a máa fi ìwọ̀sí yẹ ara ọmọbìnrin wò láti mọ ọjọ́-orí rẹ̀. Ní 1381, àwọn àgbẹ̀ rọ́ wọ London, wọ́n sì pa olórí àwọn àlùfáà tí ó tún jẹ́ olórí àwọn ìjòyè ọba.

Ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún gbàgbé. Ìjọba Margaret Thatcher mú owó ilé tí ó wà tẹ́lẹ̀ kúrò, ó sì fi owó kan dípò rẹ̀ tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan yóò máa san fún ìjọba ìbílẹ̀, ní Scotland ní 1989, ní England àti Wales ní 1990. Ní èdè tiwa, owó-orí gan-an ni. Nínú ètò náà, akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún pàápàá yóò san ìdá kan nínú márùn-ún. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1990, ìjà ńlá bẹ́ ní gbàgede Trafalgar ní London, ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Thatcher sì fi ipò sílẹ̀. Ìjọba tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀ pa ètò náà rẹ́.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 1993 ni owó káńsù tí ó wà títí di òní. Iye tí ilé tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ẹni tí ń gbé inú ilé náà ni ó sì sábà máa ń san án. Nínú òfin tuntun yìí, ilé tí ó bá jẹ́ pé kìkì akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún ni ó ń gbé inú rẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n gba ìdá kan nínú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1990 wá di ẹni tí a yọ sílẹ̀ pátápátá. N kò sọ pé nítorí àwọn ìyá wa ní Aké ni òfin náà fi yí padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà: owó tí ó bá ń wo orí tí kò wo ọwọ́ kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

BÍ ÒFIN NÁÀ TI RÍ

Nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales. Akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ni ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò gba ọdún kan ó kéré tán, tí yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24 lọ́dún, ó kéré tán, tí ẹ̀kọ́ náà yóò sì máa gba wákàtí 21 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìrọ̀lẹ́ nìkan kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò sí nínú èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi ra oúnjẹ kò torí bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n tí mo sọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ilé náà kò ní bọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n wọn kò ní ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ àwọn olùgbé, a ó sì dín ìdá kan nínú mẹ́rin kù nínú owó náà. Bí àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bá di méjì, owó náà yóò pé. Òfin tún ranti ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ tàbí láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba, wọn kò ní kà á. Ọ̀pọ̀ ìdílé tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, tí wọn kò sì mọ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni pé káńsù kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì béèrè. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n dá owó oṣù mẹ́rin náà padà fún un láìjiyàn. Ó ti rò pé bí òun bá béèrè, wọn yóò fi ojú ẹni tí ń sá fún òfin wo òun. Ìbẹ̀rù àlejò nìyẹn. Ohun tí òfin fi fún ènìyàn kì í ṣe ọrẹ, kò sì yẹ kí a máa tijú gbà á.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà pẹ̀lú. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí ní oṣù kẹfà, tí kò sì sọ fún káńsù. Ó ń gbé ilé náà lọ, ó ti ń ṣiṣẹ́, ó rò pé nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè, ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí ìwé dé, gbèsè oṣù mẹ́sàn-án ni ó bá a lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìwé ìpè sí ilé-ẹjọ́. Orí ẹ̀kọ́ ni ẹ̀tọ́ náà dúró lé. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí ni ó parí.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Mo wá padà sí ìbéèrè tí ọmọ náà bi mí. Nílé wa, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi dídíwọ̀n ilé àdáni fún owó-orí ilé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á kalẹ̀. Onílé ni a sì fojú sùn nínú rẹ̀, a kò fojú sun ayálégbé. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá yàrá kan kò ní ìwé tí yóò gbà tí a ó fi yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni òfin ń yọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni òfin owó ilẹ̀ àti ilé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2001: ó yọ ilé ìjọsìn, ilé ìkàwé gbogbogbòò, ààfin ọba, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí a kò dá sílẹ̀ fún èrè jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, àti àwọn tí ó wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga yòókù ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gbé yàrá tí wọ́n háyà lọ́wọ́ ará ìlú. Bí a bá bu owó lé ilé náà, onílé lè fi kún owó háyà. A jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti san owó-orí ilé láìmọ̀, kò sì sí ibi tí yóò gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gba ìyọsílẹ̀. Ọmọ tí a torí rẹ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò rí i gbà.

Ní ti owó-orí tí a ń yọ nínú owó tí ènìyàn ń pa, ọ̀rọ̀ ti yí padà sí rere. Òfin owó-orí tuntun ti 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí a gba owó-orí lé lórí lọ́dún. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń ránṣọ tàbí tí ó ń ta nǹkan díẹ̀ nígbà ọlidé wà lábẹ́ ibòji òfin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ ni ó wò. Èyí ni àwọn ìyá wa ń béèrè ní 1947.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé owó-orí kan náà tí a ń bínú sí ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn san owó kan ní àfikún fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú ará ìlú ru, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní agbègbè ara rẹ̀ nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òbí tí wọ́n fi ìbínú san owó náà ni wọ́n fi ayọ̀ mú ọmọ wọn lọ. Ní ọdún náà, ará ìlú rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Ní 1918, kò rí i.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ìdáhùn mi sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Òfin tí ó dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì yọ ọ́ sílẹ̀ nínú owó ilé kò sí nílé wa gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òfin náà dáhùn, àwọn ìyá-ńlá rẹ̀ ti bi ìjọba ní Aké kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tó wà: “Ẹni tí kò tíì ní nǹkan lọ́wọ́, kí ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo wá fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ẹ̀ka wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kí ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé fún ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ owó káńsù fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó tó san ohun tí kò jẹ. Èkejì, ní ọjọ́ tí a bá ń jíròrò owó-orí ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ wa tàbí ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí ó béèrè ohun tí a ó ṣe fún onílé tí ó bá ń fi ilé rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀kẹta kàn ẹ̀yin tí a yọ sílẹ̀: ìlú tí ẹ ń gbé ń gbé ẹrù yín fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́, ẹ kọ̀wé, ẹ san, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè rí ààyè tí ẹ rí.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Owó tí a kò gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ kò sọnù. Ara owó ìkọ́lé ni. Láfẹ́nwá yóò máa gbèrú o. Àṣẹ.